Ọ̀rẹ́ Ísírẹ́lì, Ọ̀tá Júù

Ní alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 2017, àwọn ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ funfun gbé iná ògùṣọ̀ lọ́wọ́, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba inú ọgbà Yunifásítì Virginia ní ìlú Charlottesville, wọ́n ń pariwo pé àwọn Júù kò ní í gba ipò àwọn láéláé. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí Ààrẹ Donald Trump kéde ní White House pé Jerúsálẹ́mù ni olú ìlú Ísírẹ́lì lójú ìjọba Amẹ́ríkà, ohun tí àwọn ààrẹ mìíràn ti ṣèlérí nígbà ìpolongo ìbò, tí wọ́n sì ń fà sẹ́yìn bí wọ́n bá ti wọlé tán. Ẹni tó bá ń wo ọ̀ràn náà láti òkèèrè lè rò pé ayé ti dojú rú: ilẹ̀ kan náà, ọdún kan náà, ẹnu kan ń bú Júù, ẹnu kejì ń yẹ́ orílẹ̀-èdè Júù sí. Ẹni tó bá mọ ìtàn, kò ní í yà á lẹ́nu. Ojú tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń wo Ísírẹ́lì àti ojú tí ará Amẹ́ríkà fi ń wo Júù tó ń gbé ládùúgbò rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tí orísun wọn yàtọ̀. Ọ̀kan kì í ṣe oògùn èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan kò bí èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olóṣèlú àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ń sọ ọ̀kan nínú méjèèjì lójoojúmọ́. Aburú máa ń wọlé nígbà tí olùfẹ́ àti ọ̀tá bá jọ pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan, tí Júù tó ń ta búrẹ́dì ní Brooklyn á wá di aṣojú ìjọba kan tí kò dìbò fún rí.

Àwọn Júù ti wà níbẹ̀ kí Amẹ́ríkà tó di orílẹ̀-èdè. Ní 1654, lẹ́yìn tí àwọn Potogí gba Recife ní Brazil padà lọ́wọ́ àwọn ará Họ́láǹdì, Júù 23 sá gúnlẹ̀ sí New Amsterdam, ìlú tó wá di New York. Peter Stuyvesant tó ń ṣàkóso ibẹ̀ fẹ́ lé wọn, ó sì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ oníṣòwò tó rán an wá láti Họ́láǹdì. Èsì tó gbà ní 1655 kò dùn mọ́ ọn nínú: kí ó jẹ́ kí wọ́n máa gbé, bí wọ́n bá ṣáà ti lè bọ́ àwọn aláìní tó wà láàárín wọn fúnra wọn. Àánú nìkan kọ́ ló fa èsì yìí, nítorí pé àwọn Júù wà lára àwọn tó ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà. Ní 1790, George Washington kọ lẹ́tà sí ìjọ Júù tó wà ní Newport, ó sì fi dá wọn lójú pé ìjọba tuntun náà kò ní í ti ẹ̀tanú lẹ́yìn. Ìlérí yẹn ṣiṣẹ́ ju bí nǹkan ti rí ní Yúróòpù lọ. Síbẹ̀, ní oṣù kejìlá ọdún 1862, nígbà ogun abẹ́lé, Ọ̀gágun Ulysses Grant pàṣẹ kí gbogbo Júù kúrò ní agbègbè tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń ṣàkóso, láti Tennessee dé Mississippi, torí pé àwọn oníṣòwò kan ń ṣe fàyàwọ́ òwú. Ẹ̀ṣẹ̀ oníṣòwò díẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ odindi ẹ̀yà. Abraham Lincoln ní kí wọ́n fagi lé àṣẹ náà kó tó pé oṣù kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìrònú tó bí i kò bá a lọ.

Nígbà tí ìpakúpa àti ìfọ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn Júù kúrò ní Rọ́ṣíà láti 1881, nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì wọn ló wọ Amẹ́ríkà kí ó tó di 1924. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláìní, wọ́n ń sọ èdè Yiddish, wọ́n ń ránṣọ nínú yàrá híhá ní ìhà ìsàlẹ̀ Manhattan. Bí wọ́n ti ń pọ̀ sí i ni ojú ń le sí wọn. Ní Atlanta, Leo Frank, Júù tó jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ pẹ́ńsù, ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ní 1913 pé ó pa ọmọdébìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia yẹ ẹ̀rí náà wò, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì yí ìdájọ́ ikú padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ní oṣù kẹjọ 1915, àwọn ènìyàn ńlá ìlú kó ara wọn jọ, wọ́n lọ yọ Frank lẹ́wọ̀n, wọ́n sì so ó rọ̀ lórí igi ní Marietta; àwòrán òkú rẹ̀ di káàdì tí wọ́n ń tà. Àwọn adúláwọ̀ ilẹ̀ Gúúsù mọ irú ikú bẹ́ẹ̀ dáadáa, torí àwọn gan-an ni wọ́n fi ń pa jù lọ. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, Henry Ford, ọlọ́kọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, lo ìwé ìròyìn rẹ̀, Dearborn Independent, láti 1920 láti máa sọ fún àwọn òǹkàwé pé àwọn Júù ń dìtẹ̀ láti gba ayé. Ìwé àrékérekè kan tí wọ́n hùmọ̀ ní Rọ́ṣíà ló fi ṣe ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ The Times ti London ti tú àṣírí ìwé náà ní 1921. Ford tọrọ àforíjì ní 1927, ṣùgbọ́n wọ́n ti túmọ̀ àwọn àpilẹ̀kọ náà sí èdè Jámánì, wọ́n sì ti rí òǹkàwé níbẹ̀.

Àárín ìgbà yìí gan-an ni a ti rí ẹ̀rí àkọ́kọ́ pé èèyàn lè fẹ́ ilẹ̀ Júù láìfẹ́ Júù. Ní 1891, William Blackstone, ajíhìnrere kan ní ìpínlẹ̀ Illinois, gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ bá Ààrẹ Benjamin Harrison pé kí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá dá Pálẹ́stínì padà fún àwọn Júù tí wọ́n ń pa ní Rọ́ṣíà. Èèyàn jàǹkàn-jàǹkàn 413 ló fọwọ́ sí i, J. P. Morgan àti John D. Rockefeller wà nínú wọn. Ìgbàgbọ́ Blackstone ni pé Jésù kò ní í padà wá àfi bí àwọn Júù bá kọ́kọ́ padà sílé. Theodor Herzl, tó wá dá ẹgbẹ́ tó ń jà fún orílẹ̀-èdè Júù sílẹ̀, kò tíì kọ ìwé rẹ̀ nígbà náà. Ìyẹn ni pé àwọn Kristẹni Amẹ́ríkà ti ń bẹ̀bẹ̀ fún orílẹ̀-èdè Júù kí ẹgbẹ́ tí Herzl dá sílẹ̀ tó wáyé rárá, nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn rábì Amẹ́ríkà ń sọ pé ẹ̀sìn ni ti àwọn, àwọn kì í ṣe orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní 1909 ni Bíbélì Scofield jáde, tó tan ẹ̀kọ́ yìí kálẹ̀ nínú àlàyé ẹsẹ̀ ìwé rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà kò yọ àwọn ìjọ Yorùbá sílẹ̀, ọ̀pọ̀ oníwàásù wa ló ń tún un sọ láìmọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Ẹ wo Sẹ́nétọ̀ Henry Cabot Lodge ti Massachusetts. Láti ọdún 1890 síwájú ló ti ń jà kí ìjọba ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn àjèjì láti Gúúsù àti Ìlà-Oòrùn Yúróòpù, àwọn Júù sì wà lára wọn. Ní 1922, Lodge yìí kan náà ló gbé ìpinnu kalẹ̀ pẹ̀lú Hamilton Fish pé kí Amẹ́ríkà ti ìdásílẹ̀ ibùgbé àwọn Júù ní Pálẹ́stínì lẹ́yìn. Ilé méjèèjì fọwọ́ sí i. Ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 1924, ilé aṣòfin ṣe òfin tó dín iye ènìyàn tó lè wọlé láti àwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn kù débi pé ilẹ̀kùn fẹ́rẹ̀ẹ́ ti pa mọ́ Júù Poland àti ti Rọ́ṣíà. Ẹni tó ń sìn àlejò dé ẹnu ọ̀nà, tó ń kí i pé ó dàárọ̀, lè jẹ́ ẹni tí kò fẹ́ kó sùn nílé òun. Mi ò sọ pé gbogbo àwọn tó dìbò ní 1922 ló ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìwé ilé aṣòfin fi hàn ni pé ìbò méjèèjì kò ta ko ara wọn nínú ọkàn wọn.

Ohun tí òfin yẹn dá sílẹ̀ hàn kedere nígbà tí Hitler gorí àlééfà. Àlùfáà Charles Coughlin ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò láti Michigan fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn, nígbà tó sì yá, ọ̀rọ̀ Júù ló kù lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì 1939, ó lé ní ọ̀kẹ́ kan ènìyàn tó kún gbọ̀ngàn Madison Square Garden ní New York fún ìpàdé àwọn alátìlẹ́yìn Hitler ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé àwòrán George Washington ràgàjì kọ́ láàárín àmì àwọn Násì, Washington tó kọ lẹ́tà sí àwọn Júù Newport. Lọ́dún náà, àbá kan dé ilé aṣòfin pé kí wọ́n gba ọ̀kẹ́ kan ọmọdé láti Jámánì wọlé lẹ́yìn odi iye tí òfin là sílẹ̀. Àbá náà kú sínú ìgbìmọ̀. Ní oṣù karùn-ún, ọkọ̀ ojú omi St. Louis kúrò ní Hamburg pẹ̀lú èrò 937, Júù sì ni gbogbo wọn tán fẹ́rẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n dé Havana, ìjọba Kúbà ti fagi lé ìwé àṣẹ tí wọ́n fi owó rà, èrò 28 péré ló sì sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ náà rìn sún mọ́ Florida débi tí àwọn èrò fi ń wo iná Miami. Wọ́n tẹ wáyà sí Ààrẹ Roosevelt, wọn kò rí èsì. Iye tí òfin là sílẹ̀ fún Jámánì àti Austria lọ́dún kan jẹ́ 27,370, ó ti kún, àwọn tó wà lórí ìlà yóò sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkọ̀ náà padà sí Yúróòpù, Bírítéènì, Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù àti Họ́láǹdì pín àwọn èrò rẹ̀ láàárín ara wọn, àwọn Násì sì bá púpọ̀ nínú wọn níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Nínú wọn, 254 ni wọ́n pa.

Mo dúró lórí ìgbà yìí nítorí pé ó dá ẹnìkan lóhùn: ẹni tó ń sọ pé àtìlẹ́yìn Amẹ́ríkà fún Ísírẹ́lì ló fa ìkórìíra Júù. Ní 1939 kò sí Ísírẹ́lì. Kò sí owó ìrànwọ́, kò sí ẹgbẹ́ alágbàwí kan tó ń fún sẹ́nétọ̀ lówó ìbò nítorí rẹ̀, kò sí Gásà tó ń jó. Ìgbà yẹn gan-an ni ìkórìíra náà ga jù nínú ìtàn Amẹ́ríkà, tí àwọn yunifásítì ń ka iye Júù tí wọn yóò gbà, tí ilé ìtura ń kọ̀ wọ́n. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì ni orísun rẹ̀, odò náà ì bá ti gbẹ nígbà náà. Ọ̀nà kejì náà kò tọ́: láti 1970 títí di nǹkan bí 2013, owó tí Amẹ́ríkà ń fún Ísírẹ́lì di òkè ńlá, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn ni ara tu àwọn Júù Amẹ́ríkà jù lọ. Ní 2000, Joe Lieberman, Júù tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi, díje fún igbákejì ààrẹ, òun àti Al Gore sì ní ìbò ará ìlú ju àwọn tó wọlé lọ.

Nígbà tí ogun parí tí mílíọ̀nù mẹ́fà Júù ti kú, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Júù kúrò ní ìwé ẹ̀bẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì kò yẹ kó wáyé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ St. Louis, torí ìdí tó lágbára jù tí àwọn Júù ní ni pé nígbà tí ilé ń jó, kò sí ẹnikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Àwọn ará Pálẹ́stínì náà ní ìdáhùn tiwọn, pé àwọn kọ́ ló dáná sí ilé ọ̀hún, àwọn ni wọ́n sì ní kí wọ́n kó jáde. Ó lé ní 700,000 nínú wọn tó di aláìnílé ní 1948. Ní Washington, George Marshall tó ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kò fẹ́ kí Amẹ́ríkà gba Ísírẹ́lì wọlé. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, ó sọ lójú Ààrẹ Harry Truman pé bí ó bá tẹ̀lé ìmọ̀ràn tí Clark Clifford, olùdámọ̀ràn rẹ̀, gbà á pé kí ó gba Ísírẹ́lì wọlé, òun Marshall kò ní í dìbò fún un. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 11 ìrọ̀lẹ́, Truman fọwọ́ sí i, ìṣẹ́jú 11 péré lẹ́yìn tí Ísírẹ́lì di orílẹ̀-èdè. Ìkánjú náà pọ̀ débi pé àwọn tó tẹ ìwé náà kò tíì mọ orúkọ orílẹ̀-èdè tuntun ọ̀hún. Wọ́n fi kálámù fa ilà sórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti tẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ kọ orúkọ náà sí i.

Truman yìí ni àwọn Júù fi ń ṣe àpẹẹrẹ ọ̀rẹ́ tòótọ́. Ní 2003 ni wọ́n rí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti 1947, níbi tó ti kọ ọ́ pé anìkànjọpọ́n ni àwọn Júù, pé bí agbára bá dé ọwọ́ wọn, ìkà wọn kò kéré sí ti Hitler tàbí Stalin. Ọkùnrin kan náà ni. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tó gba Ísírẹ́lì wọlé, ó fọwọ́ sí òfin tó ń gba àwọn tí ogun lé nílé ní Yúróòpù wọ Amẹ́ríkà. Àwọn aṣòfin ti fi gbèdéke ọjọ́ kan sínú rẹ̀ tó ti púpọ̀ nínú àwọn Júù síta. Truman fúnra rẹ̀ bínú sí òfin náà, ó ní ó ṣe ẹ̀tanú sí Júù àti Kátólíìkì, síbẹ̀ ó fọwọ́ sí i. Ẹ fi ti 1922 àti 1924 wé e. Ìgbà méjì ni Amẹ́ríkà ti Júù lẹ́yìn níbi tó jìnnà, tó sì dín ọ̀nà wọn kù nílé.

Ogun tútù láàárín Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ló sọ àtìlẹ́yìn yìí di ohun ìjà àti owó. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, nígbà tí Ísírẹ́lì, Faransé àti Bírítéènì jọ kọlu Íjíbítì ní 1956, Dwight Eisenhower fi agídí lé Ísírẹ́lì kúrò ní Sínáì. Kennedy ló kọ́kọ́ tà á ní misaili Hawk ní 1962. Lẹ́yìn ogun 1967, tí Faransé kọ̀ láti tún ta ọkọ̀ òfurufú ogun fún un, Johnson gbà láti ta Phantom. Ní oṣù kẹwàá 1973, tí Íjíbítì àti Síríà kọlù ú lọ́jọ́ Yom Kippur, Richard Nixon ní kí wọ́n fò gbogbo ohun tó bá lè fò. Ó lé ní tọ́ọ̀nù 22,000 tí wọ́n gbé lọ. Àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá fi epo rọ̀bì jà padà, Nàìjíríà àti púpọ̀ nínú àwọn ará Áfíríkà sì gé àjọṣe wọn pẹ̀lú Ísírẹ́lì. Tiwa kò padà bọ̀ sípò títí di 1992. Golda Meir, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, kò yéé dúpẹ́ lọ́wọ́ Nixon títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n Nixon ti gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ pamọ́ sí ọ́fíìsì ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ níbẹ̀ sì kún fún èébú àwọn Júù. Ní 1971, ó ní kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan ka iye Júù tó wà ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣírò àwọn aláìríṣẹ́ṣe, torí ó rò pé wọ́n ń dìtẹ̀ mọ́ òun. Wọ́n kà wọ́n, wọ́n sì ṣí àwọn kan nípò. Bí ẹ bá ń wá ẹ̀rí pé ẹnìkan lè gba Ísírẹ́lì là ní ọwọ́ ọ̀sán kó sì máa ka Júù sí ọ̀tá ní ọwọ́ alẹ́, kò sí èyí tó ju èyí lọ.

Ibi yìí ni ẹnìkan yóò ti sọ pé: ta ló wá ń darí Amẹ́ríkà, bí kò bá ṣe owó àwọn Júù? AIPAC, ẹgbẹ́ alágbàwí Ísírẹ́lì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1950 sí 1960, lágbára gidi, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi bò. Ní 2024, ẹ̀ka rẹ̀ kan ná ju mílíọ̀nù 14 dọ́là lọ láti lé aṣòfin kan ṣoṣo, Jamaal Bowman ti New York, kúrò lórí àga. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò bú Júù. Òtítọ́ ló sọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sọ pé àwọn oníbọn tàbí àwọn ará Kúbà tó wà ní Miami ní agbára lórí òfin. Ṣùgbọ́n agbára yàtọ̀ sí ìjẹgàba. Ní 1981, AIPAC fi gbogbo ara jà kí Ronald Reagan má ta ọkọ̀ òfurufú AWACS fún Saudi Arabia, Sẹ́nétì sì dìbò 52 sí 48 gbè sẹ́yìn Reagan. Ní 1991, George Bush dá ẹ̀rí owó bílíọ̀nù 10 dọ́là dúró nítorí ilé tí Ísírẹ́lì ń kọ́ sórí ilẹ̀ tó gbà. Ní 2015, Obama bá Ìránì ṣe àdéhùn lójú gbogbo ariwo wọn. AIPAC máa ń borí nígbà tí ohun tó ń fẹ́ bá bá ire tí Washington ti rí fún ara rẹ̀ mu. Lẹ́yìn náà, púpọ̀ nínú àwọn tó ń tì í lẹ́yìn kì í ṣe Júù rárá. Ẹgbẹ́ Kristẹni tí Pásítọ̀ John Hagee dá sílẹ̀ ní 2006 sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ju mílíọ̀nù 10 lọ, nígbà tí gbogbo Júù Amẹ́ríkà, ọmọ àti àgbà, kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù méje àtààbọ̀. Hagee ni wọ́n rí ìwàásù rẹ̀ tó ní Ọlọ́run ló lo Hitler bí ọdẹ láti lé Júù padà sí ilẹ̀ wọn. John McCain jù ú sílẹ̀ ní 2008 nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde. Irú ìfẹ́ yìí, tó rí Júù bí ohun èlò fún òpin ayé, kò ní nǹkan sọ fún Júù tó ń gbé ayé rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ní Ohio.

Ìkórìíra náà sì padà ru. Àjọ ADL tó ń ka ìṣẹ̀lẹ̀ ìkórìíra Júù ní Amẹ́ríkà sọ pé ó jẹ́ 942 ní 2015, ó di 2,107 ní 2019, 3,697 ní 2022, 8,873 ní 2023, 9,354 ní 2024. Àwọn kan sọ pé ADL ń ka ìwọ́de àwọn alátakò Ísírẹ́lì mọ́ ọn, wọn kò sì parọ́: lẹ́yìn oṣù kẹwàá 2023, àjọ náà fẹ ohun tó ń kà lójú. Ẹ jẹ́ ká yọ ìyẹn kúrò, ká lo ti FBI nìkan, tó ń ka ìwà ọ̀daràn: 1,122 ní 2022, 1,832 ní 2023. Àwọn tí kò tó mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ará ìlú ló ń jìyà ju ìdajì gbogbo ìwà ọ̀daràn tó jẹ mọ́ ẹ̀sìn. Ìbísí náà sì ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú Gásà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá 2018, ọkùnrin kan wọ sínágọ́gù Tree of Life ní Pittsburgh, ó pa ènìyàn 11 tó ń gbàdúrà òwúrọ̀. Ohun tó ń bí i nínú ni HIAS, àjọ Júù tó ń ran àwọn àjèjì lọ́wọ́ láti wọ Amẹ́ríkà. Oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà kó lọ sí Jerúsálẹ́mù, nínú ayẹyẹ ńlá. Ìyẹn kò gba ẹnikẹ́ni là ní Pittsburgh. Bàbá àgbà ẹni tó yìnbọn náà nínú ìrònú ni Henry Ford, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní Ààrin Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn.

Lẹ́yìn ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 2023, tí Hamas pa nǹkan bí 1,200 ènìyàn tí wọ́n sì kó 251 nígbèkùn, tí Ísírẹ́lì sì fi ogun dáhùn, tí àjọ ìlera Gásà ní òkú ti ju 60,000 lọ nígbà tó máa fi di ìdajì kejì 2025, odò kejì bá wọlé. Ohun ìjà Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú ohun tó ń já lulẹ̀ níbẹ̀. Àdéhùn bílíọ̀nù 38 dọ́là fún ọdún mẹ́wàá tí Obama ṣe ní 2016 ṣì ń ṣiṣẹ́, ilé aṣòfin sì tún fi ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù lé e ní oṣù kẹrin 2024. Bíbínú sí ìyẹn kì í ṣe ìkórìíra Júù. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún Júù ni ọlọ́pàá kó nínú ilé aṣòfin ní oṣù kẹwàá 2023 níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìbọn dákẹ́. Kenneth Stern, tó jẹ́ olórí àwọn tó kọ àlàyé ìkórìíra Júù tí àwọn ìjọba ń lò lónìí, ti sọ léraléra pé àwọn kò kọ ọ́ láti fi pa ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ní ọdún 2025, ìjọba Trump fa mílíọ̀nù 400 dọ́là gbà lọ́wọ́ Yunifásítì Columbia ní orúkọ àwọn Júù. Owó ìwádìí ìṣègùn wà nínú rẹ̀, àwọn Júù sì wà lára àwọn tó ń ṣe ìwádìí ọ̀hún.

Síbẹ̀, àwọn tó ń fi Gásà gbèjà ara wọn kò mọ́ pátápátá. Ní oṣù karùn-ún 2025, wọ́n yìnbọn pa òṣìṣẹ́ méjì ti ọ́fíìsì aṣojú Ísírẹ́lì níwájú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Júù ní Washington. Ayìnbọn náà kò béèrè ohun tí wọ́n rò nípa ogun náà kó tó yìn ín. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, ní Boulder, ọkùnrin kan ju iná sí àwọn àgbàlagbà tó ń rìn nítorí àwọn tó wà nígbèkùn. Ìyá arúgbó ẹni ọdún 82 kú lẹ́yìn náà. Wọ́n ní Pálẹ́stínì làwọn ń jà fún. Kò sí ọmọ Gásà kan tó jẹun nítorí rẹ̀. Ohun tí Grant ṣe sí àwọn Júù Tennessee ni àwọn wọ̀nyí ṣe, wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ àwọn kan dá ẹ̀yà kan lẹ́jọ́, kìkì pé ọ̀rọ̀ òmìnira ni wọ́n fi bò ó.

Àwọn ààrẹ fúnra wọn ló ń kọ́ wọn ní ìṣirò yìí. Ní oṣù kẹjọ 2019, Trump ní Júù tó bá dìbò fún Dẹmokirátì jẹ́ aláìmọ̀kan tàbí aláìṣòótọ́ ńlá, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé Jerúsálẹ́mù ni ó yẹ kí ìbò Júù Philadelphia máa gbọ́ tirẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2023, Joe Biden sọ níbi àjọyọ̀ Hánúkà pé bí kò bá sí Ísírẹ́lì, kò sí Júù kan láyé tí ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ó fẹ́ fi tù wọ́n nínú ni. Ṣùgbọ́n ààrẹ Amẹ́ríkà ló ń sọ fún ọmọ Amẹ́ríkà pé ọlọ́pàá àti òfin tirẹ̀ kò tó, pé orílẹ̀-èdè mìíràn ni ààbò rẹ̀ wà. Lẹ́tà 1790 kò sọ bẹ́ẹ̀.

Àtìlẹ́yìn náà ti ń rẹ̀. Ìwádìí Pew ní oṣù kẹta 2025 fi hàn pé 53 nínú ọgọ́rùn-ún ará Amẹ́ríkà kò fi ojú rere wo Ísírẹ́lì mọ́, nígbà tó jẹ́ 42 ní 2022. Àwọn ọ̀dọ́ Rípọ́blíkà wà nínú àwọn tó ń yí padà, àwọn tó sì ń pariwo jù láàárín wọn, bíi Nick Fuentes, kò fi bò pé Júù gan-an ni wàhálà wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń retí pé bí Ísírẹ́lì bá pàdánù owó Amẹ́ríkà ni ọkàn Júù yóò balẹ̀ ní Brooklyn, kí ó gbọ́ wọn. Àdéhùn bílíọ̀nù 38 náà yóò parí ní 2028, ìjíròrò lórí èyí tí yóò tẹ̀lé e yóò sì gbóná. Ó yẹ kí wọ́n jà á lórí ohun tó jẹ́: owó ará Amẹ́ríkà, ohun ìjà Amẹ́ríkà, àwọn tó ń kú ní Gásà àti àwọn tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń bá ní Ísírẹ́lì. Àwọn Júù Amẹ́ríkà yóò dìbò nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú yòókù, wọn yóò sì pín sí méjì tàbí mẹ́ta lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pín láti ìgbà Blackstone.